Kí Ló Pa Àbúrò Bàbá Yín Obìnrin?

Lẹ́yìn àsàlátù ọjọ́ Àìkú kan ni obìnrin kan láti abúlé kan lẹ́yìn Mọ́níyà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó fẹ́ òróró tí wọ́n fi ń pa kókó ọmú. Mo bi í bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nílé wọn. Ó ní rárá, ìyá òun wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Ìgbà tí mo béèrè ilé bàbá rẹ̀ ló dákẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin méjì ló ti kú kí wọ́n tó pé àádọ́ta ọdún. Egbò wà lọ́mú ọ̀kan, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Inú èkejì wú títí ó fi kú.

Mi ò ta òróró kankan fún un. Mo ní kó lọ sí UCH kí wọ́n wo kókó náà.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀nà ìyá nìkan ni jẹjẹrẹ ọmú ń gbà tẹ̀lé ìdílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jíìnì méjì tí wọ́n ń pè ní BRCA1 àti BRCA2 wà lára gbogbo wa, ọkùnrin àti obìnrin. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tún ohun tó bá bàjẹ́ nínú ara ṣe. Bí ọ̀kan bá ní àbùkù, ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin á pọ̀ gan-an fún obìnrin. Bàbá tó ní in lè má ṣàìsàn rárá, ṣùgbọ́n ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ó lè jogún rẹ̀, ó lè má jogún rẹ̀. Ẹni tó jogún rẹ̀ pàápàá, kò di dandan kí jẹjẹrẹ mú un.

Àwọn kan á ní àwọn ti ṣe jẹ́nótáìpù kí wọ́n tó so yìgì, AA ni wọ́n. Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ti fòníkú-fọ̀ladìde ni ìyẹn ń wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòyìnbó. Nínú ìwádìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní UCH ní 1998, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Olopade wà lára àwọn tó darí rẹ̀, wọ́n yẹ jíìnì obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Wọn kò ṣa àwọn tí àìsàn náà wà nílé wọn. Nígbà tí àbájáde jáde ní 2018, 167 nínú wọn ló jogún àbùkù, bí ẹnì kan nínú méje. Nínú obìnrin 997 tí kò ní àìsàn náà, 18 péré ni.

Kí ló dé tí ará Lálúpọn tàbí Àkànrán kò fi gbọ́? Ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì kò sí ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù. Ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ ni wọ́n ń gbà, wọ́n á fi ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ wà, nígbà mìíràn lókè òkun, owó rẹ̀ sì sábà máa ń jáde látinú àpò ara ẹni. (Ní Amẹ́ríkà pàápàá, iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló di jíìnì méjèèjì mú bí ẹní ni ilẹ̀, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́ ní 2013. Bí ẹni pé àwọn ló dá a!)

Nítorí owó yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọkàn sí èyí: ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ náà ni kí ẹbí kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nígbà tó ṣì wà láàyè. Bí wọ́n bá rí àbùkù lára rẹ̀, ibi pàtó tí wọ́n máa wò lára àwọn yòókù ti hàn, owó tiwọn á sì dín. Bó bá ti kú, àyẹ̀wò àwọn tí ara wọn le kì í fi bẹ́ẹ̀ fini lọ́kàn balẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọmú lọ́dọọdún. Ẹni tó ti bímọ tán lè bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí yíyọ ilé ẹyin, torí kò sí àyẹ̀wò tó ń tètè rí jẹjẹrẹ ibẹ̀ dáadáa.

Àwọn kan ní kádàrá ni. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló pa wá láṣẹ láti máa tọ́jú ara. Kò sì sí pé à ń tú ara sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ apá ni. Bíbo àṣírí aláìsàn dára, ṣùgbọ́n kí á fi ohun tó pa ìyá pamọ́ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, ìyẹn kì í ṣe bíbo àṣírí lójú tèmi.

Kókó obìnrin yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ, alihamdulilahi. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń béèrè kiri ló gbọ́ pé ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó kú náà wà ní Ẹgbẹ́dá, tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́. Òun ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, wọ́n ń dá owó jọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kò kan òun. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló ní.