Ihò tó wà lára rìímù kẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe jìbìtì, ẹ má dí i

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan fi fọ́tò mẹ́rin ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkúnbọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fẹ́ máa gùn ún lọ síléèwé. Ìgbà tó ń nù ún nílé ló rí ihò wẹ́ẹ́rẹ́ méjì lára rìímù ẹ̀yìn. Kì í ṣe ibi tí ẹnu tíúbù ń gbà jáde, kì í sì í ṣe ibi tí sípóòkì wọ̀. Ohun tó kọ sábẹ́ fọ́tò náà ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Ẹ bá mi kọ lẹ́tà lọ́yà sí ọkùnrin yìí, kó dá owó mi padà." Bí ẹnìkan bá ti kàwé òfin nínú ẹbí, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí. Lẹ́tà lọ́yà ni oògùn gbogbo àìsàn.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ihò yẹn. Ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ ọ̀hún ti bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù pé kó gbé e padà wá, òun á fi pọ́tì àti súpágúlù dí i, òun á sì kùn ún lọ́dà débi pé kò ní sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀fẹ́ ló fẹ́ bá a ṣe é o. Ẹni tó ń tà kò mọ ohun tí ihò náà wà fún, ẹni tó rà kò mọ̀, ọmọ tó máa gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún láàárín ọkọ̀ lójú títì ló sì máa fara gbá a.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ àwọn bàbá wa. Raleigh tó ń ti Nottingham wá nígbà náà, irin ni rìímù rẹ̀, irin kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ ní kọdọrọ. Bí ẹ bá tú táyà àti tíúbù kúrò, tí ẹ ká rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo ìdí sípóòkì, ẹ ó rí orí gbogbo sípóòkì lójúkojú. Kò sí yàrá tí omi lè sá pamọ́ sí. Tó bá máa dípẹtà, gbangba ló ti máa dípẹtà, gbogbo ayé á rí i. (Bíréèkì rẹ̀ nínú òjò ńkọ́? Ẹ bi àwọn tó gùn ún rí. Rọ́bà bíréèkì kì í fẹ́ mú irin tó bá ti tutù.)

Rìímù òde òní yàtọ̀ gan-an. Alumíníọ̀mù ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn olówó gọbọi sì lè jẹ́ carbon. Olódi méjì ni wọ́n. Odi kan wà lábẹ́ táyà, èkejì kọjú sí àárín kẹ̀kẹ́ níbi tí sípóòkì ti ń wọlé, àlàfo sì wà láàárín méjèèjì yípo. Àlàfo yìí ló jẹ́ kí rìímù le kó sì tún fúyẹ́, bí ọparun ṣe le tí inú rẹ̀ sì ṣófo. Àmọ́ ibi tó bá ṣófo, omi á wá a débẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, tí kẹ̀kẹ́ gba inú ọ̀gbàrá kọjá, tàbí tí ẹnìkan fi páìpù omi fọ̀ ọ́, omi á gba ẹ̀gbẹ́ sípóòkì wọlé, á gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu tíúbù, nígbà mìíràn á gba ojú ibi tí wọ́n ti so rìímù pọ̀. Táyà tí kò lo tíúbù tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le sí i, torí pé wọ́n ti fi téèpù lẹ gbogbo ihò tó wà ní odi abẹ́ táyà pa kí afẹ́fẹ́ má baà sá lọ. Omi tó bá ti wọ àárín, ó di ará ilé nìyẹn.

Ìdí nìyí tí àwọn kan tó ń ṣe rìímù fi ń lu ihò wẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé omi á kàn máa ṣàn gba ibẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ omi. Kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí, ọ̀dọ̀ táyà ni omi ń sá lọ. Nígbà tó bá dúró, omi á kóra jọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ọ̀dọ̀ táyà náà ló ṣì wà. Ihò tó bá kọjú sí àárín kẹ̀kẹ́ máa wà lókè omi yẹn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó jẹ́ kí rìímù máa mí: kí omi tó ń ta síhìn-ín sọ́hùn-ún rí ọ̀nà jáde díẹ̀díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí inú rẹ̀ sì gbẹ tí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ síbi tó gbẹ. Àwọn tí wọ́n lu ihò tiwọn sí ẹ̀gbẹ́ ni omi máa ń ṣàn jáde lára wọn dáadáa. Àwọn rìímù mìíràn kò ní rárá. Férémù kẹ̀kẹ́ pàápàá ní irú ihò yìí, torí pé nígbà tí wẹ́dà ń jó páìpù pọ̀, atẹ́gùn gbígbóná inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde.

Kí ló wá kan ọmọ tó ń lọ síléèwé? Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Orí sípóòkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ọ̀tì kékeré kan tí wọ́n fi ń fà á le, inú àlàfo yẹn sì ni orí nọ́ọ̀tì náà ń gbé. Tó bá jẹ́ idẹ, ó lè fara dà á. Tó bá jẹ́ alumíníọ̀mù, omi á máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, á sì yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tí rìímù bá jẹ́ carbon, torí pé carbon, alumíníọ̀mù àti omi tí wọ́n bá pàdé ń ṣe bíi bátìrì, alumíníọ̀mù ló sì máa jẹ gbèsè. Omi oníyọ̀ ló burú jù. Ẹ sì rántí ibi tí púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ wa ti ń bọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà dì. Kẹ̀kẹ́ tó ti mu omi ìyọ̀ yẹn, tí ẹ wá dí ihò rẹ̀ pa ní Mushin tàbí ní Gbági, ẹ ti ti olè mọ́ inú ilé.

Ọjọ́ tí nọ́ọ̀tì kan bá já, sípóòkì rẹ̀ á dẹ̀, ẹrù rẹ̀ á bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù. Rìímù á bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á máa ha bíréèkì. Òmíràn á tún já. Kòtò kan ṣoṣo ti tó láti ká a kò lẹ́yìn náà.

Mo wá dá àbúrò mi lóhùn bí lọ́yà. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2018 tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, sọ pé ọjà gbọ́dọ̀ wúlò fún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, kò sì gbọdọ̀ ní àbùkù. Ihò tí wọ́n dìídì lù láti ilé iṣẹ́ kì í ṣe àbùkù, nítorí náà kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹni tó tà á bá fi pọ́tì dí i tó sì kùn ún, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọjà tó dára di alábùkù, tó tún wá bo àbùkù náà mọ́lẹ̀. Nígbà yẹn ni kí wọ́n wá bá mi fún lẹ́tà. Òfin yẹn kan náà ní kí ẹni tó ń ta àlòkù jẹ́ kó hàn gbangba pé àlòkù ni, ó sì ní kí àlàyé nípa ọjà wà ní èdè tó lè yé oníbàárà. Títí di òní, mi ò tíì rí ìwé ìlànà kẹ̀kẹ́ kankan tí wọ́n kọ ní Yorùbá. Àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ wọlé ń rí èrè, bébà ojú ewé kan kò ní pa wọ́n lára. Àbúrò mi ò gbé kẹ̀kẹ́ náà padà fún ọkùnrin yẹn.

Àwọn panẹ́bítà wa náà ní ẹ̀ṣẹ̀ yìí lọ́rùn. Ihò wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn mọ́tò tí omi òjò tó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé ń gbà jáde, àwọn kan á sì fi pọ́tì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ọdún bíi méjì, ìdí ilẹ̀kùn á ti jẹrà, ẹ ó tún gbé e padà lọ bá wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́, ihò tí wọ́n lù máa ń rí roboto, etí rẹ̀ á sì dán. Èyí tí etí rẹ̀ rí págunpàgun, tàbí tí ojú sísán bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ fún un. Ẹ gbé táyà sókè kí ẹ mì í. Tí ẹ bá gbọ́ ohùn omi nínú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tú táyà kí inú rìímù gbẹ dáadáa. Ẹ wo ìdí sípóòkì bóyá nǹkan funfun bí ẹfun wà níbẹ̀, alumíníọ̀mù tó ń jẹrà nìyẹn. Ẹ fi ìka ta sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan bíi gìtá. Èyí tó bá dún gbọ̀ọ̀ láàárín àwọn tó ń dún gooro ti dẹ̀. Tí ẹrẹ̀ bá dí ihò náà, igi ìtayín ti tó láti fi yọ ọ́, ẹ má fi ìṣó fẹ̀ ẹ́ o.

Ó ku ọ̀kan. Tí ẹ bá rí kòtò kékeré kan tí kò lu já ní ẹ̀gbẹ́ rìímù, níbi tí rọ́bà bíréèkì ti ń fi ara ha á, èyí kì í ṣe ti omi. Àmì ni wọ́n fi síbẹ̀ láti mọ bí bíréèkì ṣe ń jẹ odi náà tó. Ọjọ́ tí ẹ kò bá rí kòtò yẹn mọ́, odi rìímù ti fẹ́lẹ́ jù, afẹ́fẹ́ inú táyà sì lè fọ́ ọ láìròtẹ́lẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rìímù náà kí ọmọ tó tún gùn ún.