Kí ẹ tó ra gíábọ́ọ̀sì fún jíìpù yín

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra gíábọ́ọ̀sì mánúà àti transfer case fún jíìpù rẹ̀. Owó ti lọ tán kó tó rí i pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pá tó lọ síwájú ti ń jáde, differential iwájú sì wà lápá òsì. Ẹ kọ́kọ́ wo ìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ nọ́ńbà mẹ́ta di púpọ̀: ti gíà kìíní, ti transfer case, ti axle. Jeep Wrangler Rubicon 2012 oní-mánúà jẹ́ 4.46 × 4.0 × 4.10, ìyẹn 73: ẹ́ńjìnnì á yí nígbà 73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú transfer case 2.72, ó di 50 péré.

Lórí àpáta, nọ́ńbà ńlá ló ń gba kílọ́ọ̀ṣì là. Ṣùgbọ́n nínú iyanrìn, táyà gbọ́dọ̀ sáré. Ẹ má torí 73 náwó dànù.