Ilé Ìwádìí Etí: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Yín Kan Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin òbí wa ní New York, bí họlidé ìgbà ooru bá ti dé, ohun tí púpọ̀ nínú wa máa ń sọ fún ọmọ tó wà ní yunifásítì ni pé kó lọ wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò burú, owó ni. Àmọ́ ilẹ̀kùn kan wà nítòsí tí a kì í sábà kàn: ilé ìwádìí tí wọ́n ti ń kọ́ bí etí ṣe ń gbọ́ràn. Ó wà ní NYU, ó wà ní Columbia.

Kí ni wọ́n ń wá níbẹ̀? Nínú etí kọ̀ọ̀kan, sẹ́ẹ̀lì onírun bíi 15,000 ló ń gba ìró fún ọpọlọ. Ariwo líle lè pa wọ́n. Abẹ́rẹ́ gentamicin náà lè pa wọ́n. Bí ti èèyàn bá ti kú, kì í hù mọ́. Ti adìyẹ a máa hù padà! Bí tiwa náà yóò ṣe hù ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbìn sínú etí adití kì í gbé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ yọ dáadáa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lè fara dà á. Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọ Yorùbá ṣe fẹ́ mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀? Ọmọ wa ló yẹ kó béèrè ìyẹn níbẹ̀.

Ẹ má sọ pé ọmọ yín ò ka ìmọ̀ ìṣègùn. Georg von Békésy, ọmọ Hungary tó gba ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn ní 1961 lórí bí ìró ṣe ń rìn nínú etí, físíìsì ló kà. Iṣẹ́ tẹlifóònù ló gbé e débẹ̀. Ẹnjiníà lèmi náà. Mo mọ̀ pé ọmọ tó mọ ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wúlò fún wọn.

Kí ọmọ ka ìwádìí kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà tẹ̀ jáde, kó wá kọ lẹ́tà kúkúrú sí i: ohun tó wù ú níbẹ̀, àti iye wákàtí tó lè fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀. Kó béèrè owó, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ètò REU ti National Science Foundation máa ń sanwó, àmọ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti oní gíríìnì káàdì ló wà fún. Ẹni tó wà lórí físà, kó kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì léèrè ohun tí òfin gbà. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ò bá dáhùn, kó kọ sí òmíràn.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń wá lẹ́tà ìjẹ́rìí láti fi tẹ̀ síwájú, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ ọ́. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ò lè ṣe ìyẹn fún un.