Eérú àti Ọsàn Wẹ́wẹ́: Ẹ̀kọ́ Kẹ́místrì Nídìí Ààrò

Ẹni tí ó bá gba ìgbèríko Adja-Ouèrè kọjá mọ ọ̀pẹ, ó sì mọ ohun tí àwọn ìyá wa ń fi í ṣe. Wọn a sun ìdì ẹyìn tí wọ́n ti yọ ẹyìn lára rẹ̀, wọn a da omi sí eérú rẹ̀, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi omi eérú náà se àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá kọ acide àti base sójú pátákó, ọ̀pọ̀ ọmọ wa a máa rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni.

Ásíìdì ni ó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti omi ògì tí ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta nínú ìkòkò. Báàsì ní tirẹ̀ a máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ: irú rẹ̀ ni omi eérú, àti kán-ún tí a ń bù sọ́bẹ̀ ilá. Bí méjèèjì bá pàdé ní ìwọ̀n tó yẹ, wọn a pa agbára ara wọn. Nínú ìkòkò ọṣẹ, báàsì inú eérú ní ń tú ọ̀rá àdín palẹ̀, tí ó sì ń so mọ́ ásíìdì inú rẹ̀. Ọṣẹ ni wọ́n jọ bí.

Ẹ rẹ ìṣápá pupa tí a fi ń ṣe bissap sínú omi gbígbóná, kí ẹ pín in sí ife méjì. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan: pupa rẹ̀ yóò mọ́lẹ̀ sí i. Ẹ kán omi eérú sí èkejì: yóò yí sí àwọ̀ aró tàbí àwọ̀ ewé.

Sørensen, ará Dẹ́ńmákì, ni ó gbé ìwọ̀n pH kalẹ̀ ní ọdún 1909. Omi mímọ́ gaara wà ní 7, ọsàn wẹ́wẹ́ wà nítòsí 2, omi eérú tó le sì lè kọjá 12. Láti ipele kan sí èkejì, ìlọ́po mẹ́wàá ni.

Nítorí náà, kí a ṣọ́ra. Omi eérú kò kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó lè fọ́ ojú ọmọdé. Bí òun tàbí omi bátìrì bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ẹ má fi ọ̀kan pa èkejì: ooru ìpàdé wọn yóò tún jó ara. Omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 20, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ọmọ ka ìwé rẹ̀ fún ìyá, kí ìyá sì fi ìkòkò rẹ̀ han ọmọ.