Kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi ń yọ wá lẹ́nu ju tiwa lọ?

Tí wọ́n bá mú iná lọ lálẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kì í pẹ́ tí gbogbo àdúgbò á fi gba ariwo kan. Ẹ̀yin náà mọ I-pass-my-neighbour: ọmọdé lè gbé e, àmọ́ ẹ̀rọ ata ò lè pariwo jù ú lọ. Mo ti kíyè sí i pé tiwa lè máa ké lẹ́yìn fèrèsé kí n sì sùn fọnfọn. Ti ilé kejì, tó tún jìnnà díẹ̀, ló ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí. (Kì í ṣe ìlara o!)

Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá méjì ní Amẹ́ríkà, David Glass àti Jerome Singer, ti wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé wọn jáde ní 1972. Wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn máa ṣiṣẹ́ nínú ariwo tó tó decibel 108. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní bọ́tìnì, wọ́n ní tó bá sú wọn kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ariwo á dákẹ́, ṣùgbọ́n ó máa dáa kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́. Àwọn yòókù ò ní nǹkan kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní bọ́tìnì ò fọwọ́ kàn án rárá, nítorí náà ariwo kan náà ni gbogbo wọn gbọ́.

Nígbà tí ariwo ń lọ lọ́wọ́, ara wọn mọ́ ọn. Ìgbà tó dákẹ́ tán ni másùnmáwo wá gba owó rẹ̀. Wọ́n fún wọn ní àdììtú tí kò ṣeé yanjú: àwọn tí kò ní bọ́tìnì tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá àṣìṣe inú ìwé: wọ́n fo púpọ̀ dá. Àwọn tó mọ̀ pé apá àwọn ká ariwo náà ṣe dáadáa jù wọ́n lọ fíìfíì.

Ní 1967, Martin Seligman àti Steven Maier rí ajá tí iná mànàmáná gbé títí láìsí ohun tó lè ṣe sí i. Nígbà tí ọ̀nà àbáyọ wá ṣí, ọ̀pọ̀ nínú irú ajá bẹ́ẹ̀ kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ni. Wọ́n ní ajá náà ti kọ́ pé asán ni gbogbo akitiyan òun. Ní 2016, àwọn méjèèjì yí ọ̀rọ̀ yẹn padà: dídùbúlẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́, ohun tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ ni tí ìyà bá pẹ́. Ohun tí ọpọlọ ń kọ́ ni pé "apá mi ká a", iwájú ọpọlọ ló sì ń fi ìyẹn pàrọwà fún ibi tí ìpayà ti ń wá.

Nítorí náà, mi ò fara mọ́ àwọn tó ń sọ fún ayálégbé pé kó ṣáà ní ìfaradà. Ẹni tó ń kàwé JAMB lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ onílé rẹ̀ ò ní bọ́tìnì. Àmọ́ Glass àti Singer tún rí i pé ariwo tó ń wá ní àkókò tí èèyàn mọ̀ kì í ṣọṣẹ́ tó èyí tó ń já lù ú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni jẹ́n, ẹ sọ aago tẹ́ ẹ máa pa á fún ará ilé, kẹ́ ẹ sì pa á ní aago yẹn.