Ọkọ̀ Àlùbáríkà

Ní ọdún 1832 ni ọkọ̀ elééfín méjì ṣí kúrò ní èbúté Liverpool, tí wọ́n ń bọ̀ wá sí Odò Ọya. Igi ni a fi kan èkíní, Quorra ni orúkọ rẹ̀. Irin ni a fi ṣe èkejì, wọ́n sì pè é ní Alburkah. Kò yẹ kí a máa túmọ̀ orúkọ kejì yìí fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí ta ni ìyálọ́jà náà ní Ọ̀yìngbò tí kì í tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí ó tó pàtẹ lówùúrọ̀? Àlùbáríkà náà ni.

Òun ni ọkọ̀ onírin àkọ́kọ́ tí ó la òkun ńlá kọjá, odò tiwa ni ó sì ń bọ̀. Ẹ̀bẹ̀ wa lónìí ni pé kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. A kò sọ ti ohun ìṣeré inú àpótí dígí. Ọkọ̀ tí ó tó ìdá kan nínú márùn-ún ti àtijọ́ ni a ń wí, tí yóò jẹ igi, tí yóò rú èéfín, tí yóò sì dá ara rẹ̀ rìn lórí ọ̀sà.

Ẹsẹ̀ bàtà 70 ni gígùn Alburkah, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 13. Irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ju ìdá mẹ́rin ìǹṣì kan lọ, ti ẹ̀gbẹ́ sì tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Macgregor Laird, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìrìn àjò náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́: wọ́n ní ìgbì yóò tú gbogbo ìṣó rẹ̀, oòrùn ilẹ̀ wa yóò yan àwọn inú rẹ̀ bí àkàrà òyìnbó, àrá yóò sì parí èyí tí ó kù. Kò sí ọ̀kan tí ó ṣẹ. Inú ọkọ̀ irin náà tilẹ̀ tutù ju ti onígi lọ.

Ẹ̀dà tí a ń wí yóò gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14. Ṣùgbọ́n kí alágbẹ̀dẹ má ṣe rò pé bí gígùn bá dín sí ìdá kan nínú márùn-ún, ìwúwo náà yóò dín bákan náà. Gígùn, ìbú àti jíjìn ni ó ń dín kù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ìwúwo gbọ́dọ̀ bọ́ sí ìdá kan nínú 125, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yóò rì ju bí ó ti yẹ lọ. Ti bọ́ílà ni ó gba ìbẹ̀rù jùlọ. Omi kò mọ̀ pé ọkọ̀ kékeré ni òun wà. Bí ooru rẹ̀ bá há, agbára rẹ̀ kò mọ kékeré yàtọ̀ sí ńlá. A kò gbọdọ̀ dín irin bọ́ílà kù bí a ti dín irin ara ọkọ̀ kù. Kí a tó dáná sí i rárá, kí a fi omi tútù kún un dẹ́nu, kí a sì fi ẹ̀rọ tì í kọjá agbára tí yóò fi ṣiṣẹ́. Bí ó bá sán, omi yóò kán sílẹ̀ lásán ni. Bí ooru ni ó wà nínú rẹ̀, òkú ni à bá máa kó.

Ìdí tí a fi dárúkọ Èbúté Mẹ́ta nìyí. Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ọ̀nà irin láti ìhà Ìddó, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ilé iṣẹ́ rélùwéè tí ó wà níbẹ̀ ni a ti ń tún àwọn ẹ́ńjìnnì elééfín ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tí etí wọn mọ ìró bọ́ílà tí ara rẹ̀ kò yá ti di arúgbó, púpọ̀ nínú wọn ti sùn, ìmọ̀ náà sì ń bá wọn wọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti Yábàá, tí ó ti wà láti 1947, kò jìnnà sí wọn. Àwọn Ègùn Mákòkò náà ń bẹ ní etí omi, àwọn tí ń kan ọkọ̀ láìwo ìwé; igi ni àjà òkè Alburkah, ta ni yóò sì mọ̀ ọ́n tẹ́ jù wọ́n lọ? A kò gbọ́ pé àwọn mẹ́ta yìí ti jókòó sí ìdí iṣẹ́ kan ṣoṣo rí.

Ní Scotland, ní 1962, àwọn ọmọ iṣẹ́ wà lára àwọn tí ó kan ẹ̀dà Comet, ọkọ̀ elééfín ti 1812, ó sì rìn lórí omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e sí ìta gbangba, òjò ń pa á, títí ó fi bàjẹ́. Tiwa kò gbọdọ̀ sun ìta. Ilé Jaekel, tí a kọ́ ní 1898 nínú ọgbà rélùwéè, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí a pa àgọ́ sí.

Àwọn kan yóò wí pé, èé ṣe tí a ó fi bọlá fún ọkọ̀ tí ó bá òwò òyìnbó wá? A kò sọ pé kí a bọlá fún un. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá ọkọ̀ méjèèjì wá, 9 péré ni ó yè; ibà ni ó pa púpọ̀ jùlọ nínú wọn. Ní 1854, nígbà tí ọkọ̀ Pleiad wọ odò kan náà pẹ̀lú Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn, wọ́n ń lo oògùn kuníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kú nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là fún oníwàásù, fún oníṣòwò, àti fún ọmọ ogun tí ó tẹ̀lé wọn. Kí a kọ gbogbo rẹ̀ sára ọkọ̀ náà, rere àti búburú.

Bọ́ílà ni kí a kọ́kọ́ ṣe, kí a tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀dà, nígbà tí àwọn arúgbó tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò ṣì wà láàyè.