Ọ̀dà Àkọ́kùn: Ìdí Tí ‘First Body’ Fi Wọ́n Ju Ọ̀dà Tuntun Lọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ mọ́tò rà ní Trade Fair l'Ékòó, ẹ má wo ẹni tó kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tó di ojú kan, tó ń wo bí oòrùn ṣe ń tàn lára mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Á fi èékánná ṣí etí rọ́bà wíńdò díẹ̀, bóyá ọ̀dà ta sí i. Á wo orí nọ́ọ̀tì tó de fẹ́ńdà mọ́ra: bí sípánà bá ti kàn án rí, ọ̀dà orí rẹ̀ á ti hó. Ẹni tó ń tà á á ní, “Ẹ̀gbọ́n, first body ni o, mo fi Ọlọ́run búra.” Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní fèsì. Ó ṣì ń wò.

First body ni ọ̀dà tí iléeṣẹ́ kun mọ́tò nígbà tí wọ́n ṣe é, tí pẹ́ńtà kankan kò tíì fọwọ́ kàn. Ó lè ti ha, ó sì lè ti ṣá. Síbẹ̀, òun ni wọ́n ń fowó lé lórí, tí wọ́n á sì máa fura sí èyí tó ń dán gbinrin.

Ìfura yẹn nídìí. Ọ̀dà tuntun lè jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo egbò: mọ́tò tó fojú gbá ògiri, èyí tí ìpẹtà ti jẹ nísàlẹ̀ tí wọ́n fi pọ́tì dí. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní mọ́tò náà ò ní àbùkù kankan, ọ̀dà iléeṣẹ́ àti ọ̀dà ojú pópó kì í ṣe ọmọ ìyá.

Nígbà tí iléeṣẹ́ ń kun mọ́tò, kò tíì sí ẹ́ńjìnnì, àga tàbí wáyà lára rẹ̀. Irin lásán ni. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rì í bọ inú agbada ọ̀dà ńlá kan, wọ́n á wá fi iná mànàmáná sí i kí ọ̀dà ìpìlẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ èèyàn ò lè dé. Láàárín ọdún 1970 sí 1990 ni ọgbọ́n yìí gbilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tì í sínú ààrò tó gbóná tó 160 sí 180 lórí ìwọ̀n Celsius. Wọ́n á kun àwọ̀ lé e, wọ́n á fi kílíà, ìyẹn ọ̀dà tí kò láwọ̀, bò ó, wọ́n á tún dá a padà sínú ooru. Ta ló máa ti mọ́tò tó ti parí sínú irú ààrò bẹ́ẹ̀? Rọ́bà á yọ́, wáyà á jóná. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà àtúnkùn fi jẹ́ oríṣi mìíràn, tí wọ́n ń po hádínà, ìyẹn èròjà tó ń mú un le, mọ́, tó ń gbẹ ní nǹkan bí ìwọ̀n 60 nínú yàrá, tàbí lábẹ́ igi nínú oòrùn tiwa. Pẹ́ńtà lè mọṣẹ́ dé góńgó. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Gbogbo ìpele ọ̀dà iléeṣẹ́ papọ̀ kì í sábà ju 100 sí 150 micron lọ, bẹ́ẹ̀ bébà fọ́tókọ́pì kan ṣoṣo nípọn tó nǹkan bí 100. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé lé ara mọ́tò láti wọn èyí. Bó bá ka 120 lórí ilẹ̀kùn kan, tó ka 300 lórí èkejì, ilẹ̀kùn kejì ti rí pẹ́ńtà. Bó bá kọjá 1,000, pọ́tì ló wà níbẹ̀.

“Ẹ ṣáà wo kóòdù,” làwọn kan máa ń sọ. Òótọ́ ni pé kóòdù wà. Lára Toyota, ẹ wo àwo irin pẹlẹbẹ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n kọ C/TR sí: 040 ni funfun, 202 ni dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ fi kóòdù fàdákà kun fẹ́ńdà kan ṣoṣo, kí ẹ wá rí i. Nínú ọ̀dà fàdákà, ègé alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ ló ń dán, wọ́n kéré bíi lẹ́búlẹ́bú ìyẹ́ labalábá. Bí afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírésọ̀ bá pọ̀ jù, tí ọ̀dà tètè gbẹ, àwọ̀ á mọ́lẹ̀ jù. Bí pẹ́ńtà bá fọ́n ọn tutù jù, àwọn ègé náà á rì, àwọ̀ á ṣókùnkùn. Inú agolo kan náà ni méjèèjì ti wá! Ẹ má sì gbàgbé oòrùn tó ti fi ọdún mẹ́wàá yí ìyókù ara mọ́tò padà. Pupa ló sì máa ń tètè ṣá jù. Pẹ́ńtà tó gbọ́n kì í gbára lé kóòdù nìkan: á yọ ìdérí tánkì epo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà.

Lọ́dọ̀ àwọn mọ́tò asáré àtijọ́ tó ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí kó lè ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti di ọ̀rọ̀ owó ńlá. Ẹni tó fẹ́ ra Porsche 911 Turbo, tí wọ́n fi han ayé ní Paris lọ́dún 1974, máa ń béèrè àwọ̀ tó gbé jáde láti iléeṣẹ́. Nissan Skyline GT-R ti ọdún 1995 ní àwọ̀ elésè-àlùkò kan, kóòdù rẹ̀ ni LP2. LV4 tó tẹ̀ lé e lára GT-R R34 lọ́dún 1999 máa ń yí àwọ̀ padà bí ẹ bá ṣe ń rìn yí i ká. Pẹ́ńtà wo ló máa fi ojú pò ó? Èyí tó yàtọ̀ ni Toyota Supra inú fíìmù The Fast and the Furious ti 2001: àwọ̀ ọsàn rẹ̀ kò ti iléeṣẹ́ wá, síbẹ̀ wọ́n tà á ní 550,000 dọ́là ní ọdún 2021. Fíìmù ni wọ́n rà.

Tiwa ńkọ́? Bí ẹ bá kúrò ní Trade Fair tí ẹ forí lé Badagry, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ èrò ṣì ń pe “Volks! Volks!” Orúkọ Volkswagen of Nigeria ni, iléeṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò jọ níbẹ̀ lọ́dún 1975. Mọ́tò Volks tí à ń pè ní Ìjàpá, tó jáde níbẹ̀, kò ní tọ́bò, kò sì sáré. Ṣùgbọ́n ní tèmi, èyí tó bá ṣì wọ ọ̀dà àkọ́kùn rẹ̀ lónìí yẹ lẹ́ni tí à ń fi ìbọ̀wọ̀ kí. Òkun wà nítòsí, ìyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń jẹ irin, a sì fẹ́ràn kí mọ́tò dán nígbà ọdún.

Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ má wo ẹ̀gbẹ́ nìkan. Ẹ ní kí olówó rẹ̀ ṣí i, kí ẹ wo abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Pẹ́ńtà kì í sábà débẹ̀.